Ìgbẹ́ Tí A Lọ Láì Mú Ìbọn Dání

Ìbọn ṣakabùlà bàbá mi ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá rẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti gbé e gbẹ̀yìn. Orúnkún kò gbé òkè mọ́, igbó pàápàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú mọ́. Ẹran ìgbẹ́ tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì láti Adó sí Ìgèdè, èyí tí wọ́n so mọ́ igi kí àwọn onímọ́tò lè tètè rí i, ọ̀yà àti òkété ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí a bá ń kọjá, bàbá mi a wò ó láti ojú fèrèsé, a sì mi orí. Lójú tirẹ̀, òkété kì í ṣe ẹran tí ọdẹ ń torí rẹ̀ gbé ìbọn. Àwọn ọmọdé ló ń dẹ pàkúté fún un nígbà tiwọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún un pé èmi àti òun la jọ máa lo ìsinmi ọdún yẹn, pé a ó lọ wo ẹranko ní Yankari lọ́hùn-ún ní Bauchi, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ni yóò yìnbọn?"

Mo ní, "Bàámi, ẹnì kankan kò ní yìnbọn. A máa wò wọ́n ni."

"A ó wò wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Ká wá padà sílé?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ìwé, tí mo ń wá bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn fi ń sanwó, tí ó ń wọ mọ́tò ọjọ́ méjì, torí àtilọ wo ẹran tí kò ní fọwọ́ kàn.

Safari ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, àwọn náà sì yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ìrìnàjò ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ tiwa ń lò sún mọ́ ọn gan-an: dẹ̀gbẹ́. Ọdẹ tó lọ dẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ẹni tó jáde lálẹ́ tó wọlé láàárọ̀. Yóò di ẹrù oúnjẹ, yóò pa àgọ́ sínú aginjù, yóò sì máa yan ohun tó bá pa gbẹ lórí iná títí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò fi pé. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní safari níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Dẹ̀gbẹ́ ni. Wọn kò tíì máa lọ wò nígbà náà, wọ́n ń lọ pa ni.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, bàbá àti ọmọ ló jọ lọ, bíi tiwa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1909, Theodore Roosevelt kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kúrò lórí àlééfà Amẹ́ríkà tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní New York, òun àti Kermit ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, àwọn méjèèjì pa ẹran ńlá 512: bàbá pa 296, ọmọ pa 216. Wọ́n ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Washington ni àwọn ń kó awọ àti egungun wọn lọ, wọ́n sì kó o dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Mo ka iye yẹn sétí bàbá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹran mélòó ni ọdẹ kan ń jẹ lọ́dún?" Ó dá mi lójú pé ìbéèrè yìí ni àwọn aláṣẹ ayé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn nígbà tó yá. Mọ́tò àti ìbọn ayé òde òní ti sọ ohun tí ọdẹ ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá di iṣẹ́ àárọ̀ kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1933, àwọn ìjọba tó ní ilẹ̀ níkàáwọ́ ní Áfíríkà péjọ sí London, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀ fún ẹranko, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ọdẹ náà ló bí ìwòran yìí kò ju ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti bá ọdẹ gbé ló mọ ẹ̀gùn, pèpéle tí ọdẹ ń so sórí igi láti ṣọ́ ẹran tó ń bọ̀ wá mumi tàbí wá jẹ èso. Ilé ìtura kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Treetops, orí igi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó kọjú sí odò tí ẹranko ti ń mumi. Ẹ̀gùn ni, bí ó tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1952, Elizabeth ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ rẹ̀ sùn síbẹ̀, òru ọjọ́ náà sì ni bàbá rẹ̀ wàjà nílé. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn lórí igi náà ni Jim Corbett, ọdẹ tó ti pa ọ̀pọ̀ ẹkùn ajẹ̀nìyàn ní Íńdíà, tó sì ti wá fi ẹ̀rọ ayàwòrán rọ́pò ìbọn nínú igbó. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru yẹn, àmọ́ ìṣọ́ ló fi ń ṣe. Bí mo bá fẹ́ tọ́ka sí ibi tí ọdẹ ti di amọ̀nà, ọkùnrin yìí ni mo máa nàka sí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Láti ọdún 1934 ni ìgbìmọ̀ kan ní Àríwá ti dábàá pé kí wọ́n ya igbó ẹranko sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ́míà Bauchi. Ẹni tó gbé àbá náà lẹ́sẹ̀ ni Alhaji Muhammadu Ngileruma, mínísítà ètò ọ̀gbìn ní ìjọba Àríwá. Nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà, ó ya wo igbó ẹranko kan ní Sudan, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ìjọba Àríwá fọwọ́ sí i ní 1956, wọ́n pààlà rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1962. Igbó Yankari tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó. Ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́ ní 1991, wọ́n tún dá a padà fún Ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006.

Lọ́dọ̀ tiwa, igbó ọba, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní rìsáàfù, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ti Ògùn Òkè sọ́tọ̀ ní 1936, ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e ní 1941, wọ́n sọ méjèèjì di igbó ẹranko ní 1952. Àwọn ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi di Old Oyo National Park, kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, tí ahoro ìlú Aláàfin wà nínú rẹ̀.

Oṣù Kejì ni èmi àti bàbá mi lọ sí Yankari, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi ń gbẹ nínú igbó tí àwọn ẹranko fi ń rọ́ wá sí odò Gaji. A gba Ọ̀mùò, Kàbà àti Lọ́kọ́ja, a sùn lọ́nà, a gba Jos dé Bauchi. Láti ẹnubodè Mainamaji, kìlómítà 42 ló kù kí a tó dé àgọ́ Wikki. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan ń sun níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ó mọ́ gaara débi pé ẹ máa rí ìka ẹsẹ̀ yín nísàlẹ̀. Bàbá mi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní Ìkògòsí tiwa dùn jù ú lọ, torí ti Ìkògòsí ní ọmọnìkejì tó tutù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gun ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí lẹ́yìn. Amọ̀nà wa ti lé ní àádọ́ta ọdún, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Bàbá mi kò gbọ́ Hausa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì kọjá ti ẹnu ọjà. Ní ibì kan, ọkọ̀ dúró, amọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ìgbẹ́ erin kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Kí ó tó dìde, bàbá mi ti sọ lókè pé, "Ti òwúrọ̀ yìí ni. Ọ̀nà odò ló ń lọ." Amọ̀nà yíjú sí wa, ó sọ ohun kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo túmọ̀ fún àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà, ó ní kí bàbá mi wá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á na ewé tó ṣẹ́ han èkejì, èkejì á ju erùpẹ̀ sókè wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ.

Erin mọ́kànlá la bá létí odò. Ìyá kan fi imú fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó na etí méjèèjì, ó kọjú sí wa. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ ki erin, ìjálá tó kọ́ lẹ́nu bàbá tirẹ̀. Kò yára, kò fo ibì kan. Amọ̀nà kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí awakọ̀ pé kó má tíì tanná sọ́kọ̀, àfi ìgbà tí Bàbá parí.

Nígbà tí a padà dé àgọ́ ló tó sọ fún mi pé òun kò rí erin rí láyé òun. Ó ti ń ki í níbi òkú ọdẹ àti níbi ọdún Ògún láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́. Kí wọ́n tó bí i ni erin ti tán nínú igbó tí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ sí. Ó bèèrè ẹfọ̀n lọ́wọ́ amọ̀nà, wọ́n ní ó wà, kò kàn jáde síta lọ́jọ́ náà ni. Ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìtàn so orúkọ ìlú mọ́ ẹran yìí. Mélòó nínú ọmọ ìlú náà ló ti fojú rí i?

Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí, kó má sì kúrò lẹ́yìn amọ̀nà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ní igbó Pendjari ní Benin, àwọn agbébọn kọlu Fiacre Gbédji àti àwọn ará Faransé méjì tó ń mú kiri. Àwọn àlejò padà délé láàyè. Wọ́n pa amọ̀nà náà.

Ohun tó ń ká mi lára jù kò sí ní Bauchi. Rìsáàfù kan wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, tí ìnàkí ṣì ń gbé, irú èyí tí a kò lè rí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ní 2009, Elizabeth Greengrass tó wá àwọn igbó Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù kiri kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní agbègbè wa. Agégẹdú ń wọ igbó náà, àgbẹ̀ kòkó ń wọ̀ ọ́, ọdẹ náà ń wọ̀ ọ́. Mo bẹ ìjọba Èkìtì àti àwọn ọba tó ní ilẹ̀ níbẹ̀: ẹ gba àwọn ọdẹ tó mọ igbó Ìsẹ̀ síṣẹ́ ìṣọ́, ẹ fún wọn lówó oṣù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ wa wọlé lọ wò. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ipasẹ̀, bàbá mi wà ní Ìyìn. Ó ní òun yóò wá.