Iná Pupa Kì Í Ṣe Ọ̀rẹ́ Ohùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà gbà pé ohùn ò tíì dára àfi tí iná pupa bá ń ṣẹ́jú. Ayé téèpù la ti jogún èrò yìí, ó sì bọ́gbọ́n mu níbẹ̀. Téèpù ní ariwo tirẹ̀, ṣííì kan tí kì í dákẹ́. Bí ohùn akọrin bá lọ sílẹ̀ jù, ṣííì yìí ni yóò bò ó, ìyẹn làwọn agbohùnsílẹ̀ ṣe ń ti ohùn sókè. Bí abẹ́rẹ́ mítà VU, tí Bell Labs, CBS àti NBC jọ ṣe lọ́dún 1939, bá tilẹ̀ wọ pupa díẹ̀, téèpù á rọra tẹ orí ohùn náà ni; àwọn kan fẹ́ràn bó ṣe ń dún.

Kọ̀ǹpútà ò ní irú àforítì bẹ́ẹ̀. Òǹkà ló fi ń kọ ohùn sílẹ̀, òǹkà náà sì lópin: odo ni wọ́n pè é lójú mítà. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, ṣe ni wọ́n á gé e lórí. Ẹ fa àwòrán irú ohùn bẹ́ẹ̀ tóbi lórí ètò ìgbohùnsílẹ̀ Audacity: níbi tó yẹ kí ṣóńṣó wà, pẹrẹsẹ lẹ ó bá. Síbẹ̀, ẹ̀rù àtijọ́ pé ohùn á lọ sílẹ̀ jù ò lọ. Nígbà tí CD jáde lọ́dún 1982, bíìtì 16 ló fi ń kọ òǹkà kọ̀ọ̀kan, bíìtì kan sì tó nǹkan bíi dB 6 (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó). Ẹni tó bá gbohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ń fi àyè ṣòfò. Lónìí tí bíìtì 24 ti wọ́pọ̀, ẹni tó fi dB 12 sílẹ̀ lókè kò pàdánù ju bíìtì méjì lọ.

Wọ́n á ní: bí a bá wá gbé e sókè lẹ́yìn náà, ṣé ariwo ò ní bá a gòkè? Á bá a gòkè. Ṣùgbọ́n ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀, ẹnu makirofóònù kan náà ni wọ́n bá ohùn wọlé. Bí a ṣe ń fa ọ̀kan sókè là ń fa èkejì. Ohun tó ń yà wọ́n ni kéèyàn sún mọ́ makirofóònù. (Orí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí inú ara rẹ̀ ń hó, àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí náà kí ohùn má lọ sílẹ̀ jù.) Àwọn mìíràn ní kí kọ̀ǹpútà máa gbé ohùn sókè, kó máa fà á sílẹ̀, fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dánu dúró mí, ó ti gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ sókè nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má fi "hẹ́lò, hẹ́lò" jẹ́jẹ́ dán an wò. Ibi tí ẹ ó ti pariwo jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni kí ẹ kà, kí ẹ fa ohùn sílẹ̀ títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi dúró ní nǹkan bíi dB 12 nísàlẹ̀ odo, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.