Bí Iyè Àgbàlagbà Bá Ń Ra: Ohun Tí Agboolé Yóò Máa Ṣe ní Ìbàràpá

Ṣíṣarán kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, ekukáká ni ẹ ó fi rí agboolé tí kò ní ìtàn bàbá tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ, tàbí ìyá tó jẹun tán tó ní òun kò tíì jẹ láti àná. Àwọn oníṣègùn ní àìsàn ọpọlọ ni, pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló fà á. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dún 1906. Nínú ẹni mẹ́wàá tí iyè ń ra, irú tirẹ̀ máa ń tó mẹ́fà sí méje. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú ìyókù. Àwọn tó ní i káàkiri àgbáyé ju mílíọ̀nù 55 lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N KÀ NÍLẸ̀ WA

Lọ́dún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun wà lára wọn, pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn ti Ìbàdàn ń wọ ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn, àwọn ti ọ̀hún ń wọ ilé àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí tó ní àìsàn yìí ní Ìdíkàn, ìdá 4.82 ní àárín àdúgbò ti Indianapolis. Nígbà tí wọ́n ka iye ẹni tí ó ń mú lákọ̀tun lọ́dọọdún, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn àti 3.24 lọ́hùn-ún. Ìṣirò yẹn dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sínú ìdá méjì yẹn, odindi ló bá a nílé, kì í ṣe ìdá.

Àwọn olùwádìí náà rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa kò di pẹ́ńsù mú rí, pé bíbi wọ́n ní ọjọ́ àti ọdún tàbí kí wọ́n ya àwòrán kò lè fi iyè wọn hàn. Lọ́dún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Baiyewu tó wà lára wọn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò onígi ìṣáná jáde. Olùdánwò á fi igi ìṣáná mẹ́rin to àrà kan sórí tábìlì, àgbàlagbà á fi mẹ́rin tirẹ̀ to irú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìṣáná níwájú bàbá yín lọ́sibítù, ẹ má bínú pé wọ́n ń fi àgbà ṣeré ọmọdé.

ỌJỌ́ TÍ DÓKÍTÀ BÁ SỌ Ọ́

Kí ẹ tó dìde níwájú dókítà, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ àwọn nǹkan mìíràn tó ń ra èèyàn níyè wò: àìtó fítámì B12, àìsàn tairọ́ọ̀dù, ìbànújẹ́ tó ti pẹ́ lọ́kàn, etí tó di, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú. Òmíràn nínú wọn ṣe é wò. Bí iyè bá sì ṣàdédé ra láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì, pàápàá tí ara ń gbóná tàbí ìtọ̀ ń ta, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà tàbí àrùn ojú ìtọ̀ lè wà nídìí rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo òògùn inú ilé sínú ọ̀rá kan kí ẹ gbé e dání, títí kan àgbo inú ìgò. Piriton tí a ń rà ní kẹ́mísìtì fún ara yíyún, Phenergan àti Valium tí a ń lò fún oorun, gbogbo wọn lè da orí àgbàlagbà rú sí i. Ní ti òògùn àìsàn náà fúnra rẹ̀, donepezil àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ kí ojú àwọn kan là fúngbà díẹ̀. Kò sí èyí tó ń wo àìsàn náà sàn nínú wọn. Ẹ bèèrè iye tí yóò máa gbà lóṣù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá ká méjì, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó tán nílé.

Òògùn ìrántí tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀: ẹ fi owó yín sápò.

IBI TÍ Ẹ LÈ LỌ

Ọsibítù ìjọba ní Igbó-Ọrà àti ní Èrúwà ni àkọ́kọ́, fún wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àyẹ̀wò ṣúgà àti ìwé tí ẹ ó mú lọ síwájú. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ láàárín ará ìlú. Bí àwọn ọmọ yìí bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ gbà wọ́n lálejò, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́. Àyè àtijókòó tẹ́tí sílẹ̀ tí wọ́n ní, dókítà tí èrò kún iwájú rẹ̀ kì í ní in.

Fún àwọn ará Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, Abẹ́òkúta súnmọ́ ju Ìbàdàn lọ. Ọsibítù Àrò wà níbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lámbò. Òun ló ní kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ nínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ó máa jẹ oúnjẹ ilé, kí ó máa gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ayé yẹ́ ẹ sí fún un. Àwọn bàbá wa kò ní jiyàn rẹ̀.

Ní UCH Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih sọ wà níbẹ̀ láti ọdún 2012, fún ẹni ọgọ́ta ọdún sókè. Aago mẹ́rin ìdájí ni kí ará Èrúwà kúrò nílé tí kò bá fẹ́ sùn sí Ìbàdàn. Ẹni méjì ni kó tẹ̀ lé aláìsàn: ọ̀kan á tò fún káàdì, èkejì á jókòó ti àgbà. Ẹ gbé omi, ẹ̀kọ tútù àti ìpààrọ̀ aṣọ dání. Ẹ bèèrè pẹ̀lú nípa ètò ìbánigbófò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ẹ forúkọ àgbà yín sílẹ̀ kí àìsàn tó wọlé dé.

ÌLÀNÀ OJÚMỌ́

Iyè tó ń ra a máa fẹ́ kí ọjọ́ jọ ọjọ́, àga níbi tó wà lánàá, oúnjẹ lákòókò tó mọ́ ọn lára. Agogo mẹ́fà sí méje àárọ̀: ojú fífọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀, àdúrà bí wọ́n ti ń gbà á. Agogo méje ààbọ̀: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà, lẹ́yìn náà òògùn. Agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, nígbà tí ojú ṣì là jù lọ: ìwẹ̀, ìrìn díẹ̀ dé ìta, iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀. Ìyá tó ti bó ẹ̀gúsí láti kékeré lè máa bó o nígbà tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́; ẹ gbé igbá fún un, ẹ má ka iye tó fọ́. Bàbá tó ń hun apẹ̀rẹ̀, ẹ wá mọ̀rìwò fún un. Agogo kan: láfún gbígbóná pẹ̀lú ilasa, ẹran tí a ti gé wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, oorun tí kò ju wákàtí kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òru á di ọ̀sán. Agogo márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà máa ń pọ̀ jù: wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé nígbà tí wọ́n wà nílé. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ pa rédíò aláriwo, ẹ mú wọn rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì mú wọn padà wọlé. Agogo méje: oúnjẹ alẹ́ fúyẹ́. Agogo mẹ́sàn-án: ìtọ̀, ibùsùn, àtùpà kékeré lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀.

Omi, ife mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, àfi tí dókítà bá ní kó dín nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ má dúró kí wọ́n bèèrè. Wọn ò ní bèèrè. Oòrùn oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà lágbègbè wa ń gbẹ omi ara àgbà kí a tó mọ̀. Lákòókò ọyẹ́, aṣọ méjì àti ìbọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó sùn.

Ibi ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní kí ẹ ra àga òkèèrè. Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Èrúwà lọ́dún 1986, fi àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káfíńtà àdúgbò yín ṣe lè gé ihò sáàárín àga onígi, kí ẹ ki póò sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ẸNU

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ká wọlé tọ àgbà ká ní, "Màmá, ṣé ẹ dá mi mọ̀?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ìdánwò lẹ ń ṣe fún wọn níwájú èrò, bí wọ́n bá kùnà ojú á tì wọ́n. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ilé o, Màmá. Èmi Rísíkà, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ." Kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ojú yín. (Ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ẹni tó bá pe Táyé ní Kẹ́yìndé kì í ṣe ẹni à ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Gbogbo wa la ń ṣe é.)

Bí ìyá bá ń bèèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ogún ọdún, ẹ má ṣe máa túfọ̀ rẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Ọ̀fọ̀ tuntun ni yóò máa jẹ́ fún un. Ẹ ní, "Bàbá fẹ́ràn iṣu o. Ta ló máa ń gún un fún wọn?" Ìyókù ọ̀rọ̀ á tẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ ní kékeré máa ń pẹ́ níkùn ju ti àná lọ. Ẹ kì wọ́n ní oríkì láràárọ̀. Ní Lálùpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn olùwádìí kó àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra jọ fún ìpàdé 14 láàárín ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n ń fi orin, ìtàn, eré àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ru ọpọlọ wọn sókè. Ètò náà ṣe é ṣe níbẹ̀. Ọpọ́n ayò, ìlù kan àti àwọn àgbà mẹ́rin lábẹ́ igi ti tó láti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Ayétẹ̀ tàbí Tápà, lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìyá tó ń sọ ìsọkúsọ lóru kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe gbà á láyè kí ẹnikẹ́ni pè é ní àjẹ́, bó jẹ́ wòlíì tàbí àlùfáà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ tó ń fi ebi pa aláìsàn kò sí nínú ìtọ́jú kankan.

ÀÀBÒ

Ẹ bo kànga, kí ẹ ti ìdérí rẹ̀ pa. Kí kẹrosíìnì má sí nínú ìgò mínírà láéláé, bẹ́ẹ̀ ni òògùn kòkòrò. Kí télọ̀ rán orúkọ agboolé àti nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ ọrùn gbogbo bùbá wọn. Ẹ fi wọ́n han àwọn ọlọ́kadà ìdúró tó súnmọ́ yín, kí wọ́n má gbé wọn lọ ibikíbi, kí wọ́n sì pè yín. Bàbá tó ń gun ọ̀kadà fúnra rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́; ọ̀rọ̀ yẹn á dun ún, ṣùgbọ́n ẹ gbà á. Bí wọ́n bá sọnù, ọ̀nà oko àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

OWÓ ÀTI ÌWÉ

Nígbà tí ojú ṣì là ni kí gbogbo ọmọ jókòó yí àgbà ká: ta ni yóò máa gba owó ìfẹ̀yìntì, ta ló mọ ààlà ilẹ̀, níbo ni ìwé wà? Kí lọ́yà kọ ìwé ìhágún àti ìwé àṣẹ aṣojú. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí lédè Yorùbá kó tó tẹ ìka, níṣojú ẹlẹ́rìí. Ìka tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn tí iyè ti ra tán, ẹjọ́ ló ń bí.

Òwe òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ọmọ tó kàn lọ́jọ́ Ajé àti èyí tó kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tó wà lÉkòó, owó ni tirẹ̀ lóṣooṣù, àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé. Ìyàwó ilé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá gbogbo rẹ̀ gbé. Bí kò bá sùn dáadáa mọ́ tàbí tó ń jágbe mọ́ àgbà, òun náà nílò dókítà.

ỌJỌ́ TÓ YẸ KÍ Ẹ SÀMÌ SÍ

Ẹ̀bìbì 17: ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, gbogbo ẹni tó ju ogójì ọdún nínú ilé, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Òkúdù 15: ọjọ́ ìlòdì sí fífi ìyà jẹ àgbà. Ọ̀wẹwẹ 21: ọjọ́ àìsàn Alzheimer. Ọ̀wàrà 1: ọjọ́ àwọn àgbàlagbà, ó bọ́ sí ọjọ́ òmìnira, ọ̀pọ̀ ọmọ á wà nílé, ẹ fi ṣe ìpàdé ẹbí lórí owó ìtọ́jú. Ọ̀wàrà 10: ọjọ́ ìlera ọpọlọ.