Bí A Ti Í Dín Ọ̀dùnkún Òyìnbó Kí Ó Gbẹ Bí Ìpékeré

Ọ̀dùnkún òyìnbó, tí àwọn ará ọjà ń pè ní pòtétò, kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí àwọn òkè ńlá Andes, ní apá Peru àti Bolivia, ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ní Nàìjíríà, agbègbè Jos ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga, òtútù sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé ni ó ti gé e wẹ́wẹ́ láti dín in bí ìpékeré fún ìpanu àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ó mu òróró yó, tàbí tí ó dúdú kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Wọn a ní òróró ni kò dára. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni ó fà á.

Bí a bá gbé ọ̀dùnkún òyìnbó sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni ó jẹ́ omi. Iṣẹ́ ẹni tí ń dín in kò ju èyí lọ: kí ó lé omi náà jáde kí ara rẹ̀ tó jóná.

Kí a yan èyí tí ó le, tí ara rẹ̀ sì dán. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ti pa títí ó fi di àwọ̀ ewé, tàbí tí ó ti hù púpọ̀, oró kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní solanine. Oró yìí a máa korò, a máa fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ooru agbada kò sì lè pa á. Bí àwọ̀ ewé náà bá kéré, kí a gé ibẹ̀ kúrò jinlẹ̀jinlẹ̀. Bí ó bá pọ̀, kí a sọ gbogbo rẹ̀ nù, kí a má ṣe wo owó tí a fi rà á. Ibi òkùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ sí. Kí a má ṣe kó èyí tí a óò dín sínú fíríìjì, nítorí pé òtútù a máa sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yìí ni ó sì ń mú kí ó dúdú kíákíá nínú òróró.

Lẹ́yìn tí a bá ti bó o, kí a gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa rí òjìji ọ̀bẹ ní òdìkejì rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá nípọn tí èkejì fẹ́lẹ́, ọ̀kan yóò jóná nígbà tí èkejì ṣì tutù. Kí a fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, kí a máa pààrọ̀ omi náà títí kò fi ní funfun bí omi ògì mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Omi tí ó bá kù lára rẹ̀ yóò mú kí òróró ta, yóò sì mú un tutù.

Òróró ẹ̀pà dára fún iṣẹ́ yìí. Kí ó má ṣe kọjá ìdajì agbada. Bí a bá sọ ẹyọ kan sínú rẹ̀ tí ó hó lójú kan náà, tí kò sì sí èéfín, ó ti tó. Kí a máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí a bá da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, òróró yóò tutù, ọ̀dùnkún yóò sì rọ̀. Híhó náà ni omi tí ń di ooru jáde. Ẹni tí ó ti ń dín àkàrà mọ bí a ti í fi etí gbọ́ ọ: ariwo náà a kọ́kọ́ pọ̀, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dákẹ́, kí a kó o sínú ajere, kí a gbọn òróró ara rẹ̀ nù, kí a sì wọ́n iyọ̀ sí i nígbà tí ó ṣì gbóná.

Àwọ̀ wúrà ni kí a wá, kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Sweden fi hàn pé oúnjẹ oníyẹ̀fun tí a bá dín nínú ooru púpọ̀ a máa ní èròjà acrylamide nínú. Èròjà yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún àwọn eku tí a fi dán an wò. Bí ó bá ti ń pọ́n sí i ni èròjà náà ń pọ̀ sí i. Òróró tí ó ti dúdú, tí ó sì ń rú èéfín, kí a dà á nù. Ahun ni ẹni tí ó tún fi dín oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀.

Kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ ìdí agbada. Bí òróró bá gbiná, kí a pa iná ìsàlẹ̀, kí a fi ìdérí irin bò ó, kí a má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Omi kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé yóò ta iná náà káàkiri ilé. Bí òróró bá jó ẹnikẹ́ni, kí a fi ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Epo pupa, ẹyin tàbí iyọ̀ kò yẹ ibẹ̀ rárá. Bí ó bá tóbi, tàbí bí ó bá kan ojú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Kúkúndùnkún pẹ̀lú ṣeé dín báyìí, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà kí iná rẹ̀ kéré sí i. Èyíkéyìí tí a bá dín, kí ó tutù pátápátá kí a tó kó o sínú agolo tí ó dé dáadáa. Ní àkókò ọyẹ́, èyí tí a gbàgbé síta lè ṣì máa ró lẹ́nu títí di alẹ́. Ní àkókò òjò, kò ní pẹ́ rọ̀.