Ẹ jẹ́ ká mọ̀: àtẹ onígun mẹ́fà fún oríṣi átọ́ọ̀mù
Potassium-40 máa ń di calcium-40 ní nǹkan bí ìgbà 89 nínú 100. Èyí tó kù ń di argon-40. Àpapọ̀ pírótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù ṣì jẹ́ 40. Síbẹ̀, lórí àtẹ onígun mẹ́rin tó wọ́pọ̀, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye pírótọ́ọ̀nù, tí òpó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ iye nútírọ́ọ̀nù, igun lásán ni potassium-40 fi kan àwọn méjèèjì. Ẹ ya á bí afárá oyin, wọ́n á di aládùúgbò, potassium láàárín.

Ẹnìkan lè ní onígun mẹ́rin ló rọrùn láti yà. Òótọ́ ni, àmọ́ onígun mẹ́fà náà kò le: bí pírótọ́ọ̀nù bá fi ẹyọ kan lé, ẹ sún ìlà náà sọ́tùn-ún ní ìdajì àpótí. Lóòótọ́, ìparadà alpha, tó ń kó pírótọ́ọ̀nù méjì àti nútírọ́ọ̀nù méjì lọ, ṣì máa fo àpótí kọjá. Ṣùgbọ́n ìparadà beta, irú èyí tó ń sọ potassium-40 di calcium-40, ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀nà tirẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ là.