Ogun wà lókèèrè, kí ló dé tí búrẹ́dì wa fi wọ́n?

Ẹ bi wá pé: "Àwọn alágbára ló ń jà, kí ló kan búrẹ́dì tiwa?"

Oṣù kejì ọdún 2022 ni Rọ́ṣíà gbógun wọ Yúkíréènì. Àwọn méjèèjì ló ń ta bí ìdá kan nínú mẹ́rin àlìkámà tó ń lọ sọ́jà àgbáyé. Àlìkámà la fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, a kì í sì í gbìn ín tó níhìn-ín. Ogun ti èbúté Yúkíréènì pa, àlìkámà bá wọ́n. Epo ọkọ̀ náà wọ́n.

Nítorí náà, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà yín kọ́ lolè. Ẹ má bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àwọn olówó ń jèrè, ẹ ò ṣì sọ pátápátá. Kí ọdún náà tó parí, owó àlìkámà ti wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ẹni tó láàká ńlá lè má tètè sọ ọ́ kalẹ̀ fún wa.

Kí ni ká ṣe? Ẹ máa kọ iye owó sílẹ̀ lọ́jọọjà. Bí ti òkè bá wálẹ̀, tí tiwa ò wálẹ̀, ẹ jọ lọ bi olórí ọjà. Ẹnu kan ò ṣeé gbọ́ bí ẹnu púpọ̀. Ó dọ̀la o.