Ṣé O Mọ̀? Àwọn Tó Jókòó Ti Aláìsàn

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo dé sí Aro, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn tó wá ṣe olórí rẹ̀ parí? Kò dúró de bíríkìlà. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká pé kí wọ́n gba àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé. Àṣẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ìbátan kan ní láti bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀ á bá onílé rẹ̀ lọ sóko.

Ẹni tó bá ti mú aláìsàn láti Itamaga, ní Ìkòròdú wa níbí, lọ sí Yaba, níbi tí ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti wà láti 1907, á mọ ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ì bá ṣe fún wa. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà láàárín Ìkòròdú àti Mile 12 nìkan tó aápọn. Ìjọba Èkó ti mú Ketu-Ejinrin, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, fún ibùdó ìlera ọpọlọ tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn wà nínú ìlú mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yẹ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia wò láti àwọn ọdún 1960? London, Moscow, Washington àti Prague wà níbẹ̀. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ń gbádùn ju àwọn ará ìlú olówó lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ dòní. Ọ̀pọ̀ ní ẹbí ni. Èmi náà gbà pé ẹbí wà níbẹ̀, àmọ́ kí a má tíì máa fọ́nnu.

Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àrùn ìgbàgbé lára àwọn arúgbó àdúgbò náà, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Báwo ni wàá ṣe dán ọpọlọ ìyá àgbà tí kò mọ̀wé wò? Wọn ò ní kó kàwé. Wọ́n bi í pé kí ni afárá, kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé: ṣé mama máa ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi nǹkan sí? Ṣé wọ́n ṣì ń wọṣọ bó ṣe yẹ? Ohun tí ará ilé bá sọ wọ inú ìṣirò. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Ṣé o mọ̀ pé reserpine, tí òyìnbó fi wo wèrè láwọn ọdún 1950, wà nínú asofẹ́yẹjẹ tí àwọn babaláwo ti ń lò tipẹ́? Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì mìíràn jáde, láti ara aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Ghana. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti lọ ń bá oníṣègùn àti wòlíì ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ibùdó tiwọn, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ẹbí kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. Ní 2018, ìwádìí láti ilé ìwòsàn 247 ní Áfíríkà fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún tó kú nídìí iṣẹ́ abẹ, 94 kò kú lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an; àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú. Wọ́n wá gbìyànjú pé kí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ wà níbi tí nọ́ọ̀sì ti lè rí i, kí nọ́ọ̀sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, kí ẹbí sì dúró tì í ní wọ́ọ̀dù. Aláìsàn tó lé ní 28,000 ni wọ́n fi dán an wò. Iye tó ń kú kò dínkù.

Ní ti ojú abẹ tó ń kẹ̀, ìbọ̀wọ́ ló ṣiṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà àti Benin wà lára wọn, wọ́n ní kí àwọn dókítà kan pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn aláìsàn pa. Aláìsàn 13,301, ilé ìwòsàn 81. Èsì jáde ní 2022: àwọn tí ojú abẹ wọn kẹ̀ já láti 18.9 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn orílẹ̀-èdè kan náà ti dán òwú olówó gọbọi wò, èyí tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò pa lára. Kò sàn ju òwú lásán lọ.