Ìbísí Onídàpọ̀ àti Ìbísí Aláìnídàpọ̀: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí fún Olùkọ́ àti Olùdánniwò

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí lè bí sí i láìjẹ́ pé akọ àti abo pàdé. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì ti jẹ́ kí ó yé wa pé a lè fi èdè wa kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìbísí, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí lẹ́nu. Èrò wa ni pé èdè-ìperí tí à ń lò ni ó fà á. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ọ̀nà ìbísí méjèèjì, a ó sì gbé èdè-ìperí mẹ́ta yẹ̀ wò.

2. Ọ̀nà Ìbísí Méjèèjì

Sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn àbùdá tí ọmọ ń jogún wà. Ní ọ̀nà kìíní, apá kan lára òbí ni ó ń yà sọ́tọ̀ tí ó ń di ọmọ. Àmíbà, tí kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, a máa pín ara rẹ̀ sí méjì. Bákan náà ni ebu iṣu, igi ẹ̀gẹ́ tí a gé gbìn, àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àbùdá òbí gan-an ni ọmọ gbé wá. Kò sí àdàlù.

Ní ọ̀nà kejì, sẹ́ẹ̀lì kan ti akọ àti ọ̀kan ti abo yóò dà pọ̀ di ẹyọ kan. Ìlàjì àbùdá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé wá. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í fi í rí bákan náà, àfi àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde. Àgbàdo ni àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù fún kíláàsì. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ni akọ. Irun tí ó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ abo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sórí irun, okùn irun kọ̀ọ̀kan sì ní hóró kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá gbin àgbàdo funfun àti àgbàdo pupa sítòsí ara wọn, a ó rí hóró pupa láàrin funfun lórí ọmọ àgbàdo kan náà.

3. Èdè-Ìperí Mẹ́ta

(a) ‘Ìbímọ pẹ̀lú ìbálòpọ̀’ àti ‘ìbímọ láìsí ìbálòpọ̀’. Àléébù méjì ni ó ní. Èkíní, ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń ṣe ni Yorùbá ń pè ní ìbálòpọ̀, nítorí náà ẹ̀rín ni kíláàsì yóò bú sí. Èkejì, kò bá òtítọ́ mu. Abo ẹja epìyà a máa yé ẹyin sí ìsàlẹ̀ omi, akọ a sì da àtọ̀ sí i lórí níbẹ̀. Wọn kò bá ara wọn lò pọ̀, síbẹ̀ ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà.

(b) ‘Ìbísí olóbìí-kan’ àti ‘ìbísí olóbìí-méjì’. Èyí mọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀wà bà á jẹ́. Akọ àti abo wà nínú òdòdó ẹ̀wà kan ṣoṣo, òdòdó náà ni ó sì sábà máa ń fún ara rẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú. Òbí kan ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó dà pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní èdè-ìperí yìí yóò ka ẹ̀wà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì gba òdo.

(d) ‘Ìbísí onídàpọ̀’ àti ‘ìbísí aláìnídàpọ̀’. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni èyí ń bi wá: ǹjẹ́ sẹ́ẹ̀lì akọ àti ti abo dà pọ̀? Ní ti àgbàdo, epìyà àti ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti ebu àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, rárá. Èyí ni a fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé ọ̀nà ni èdè-ìperí yìí ń dárúkọ, kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Iṣu tí a ń fi ebu gbìn a máa yọ òdòdó; akọ iṣu wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Ohun ọ̀gbìn kan lè gba ọ̀nà méjèèjì.

4. Èrè àti Ewu

Ìbísí aláìnídàpọ̀ yá, ó sì ń pa ìwà rere òbí mọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo oko bá rí bákan náà, àrùn kan lè pa á run. Ní ilẹ̀ Ireland, láti ọdún 1845, àrùn kan kọlu pòtétò tí wọ́n ń gé gbìn. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ìyàn àti àìsàn pa. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ a máa bá igi tí a gé wọ oko tuntun. Àwọn onímọ̀ ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, mú òdòdó ẹ̀gẹ́ kan fún òmíràn títí wọ́n fi rí irú èyí tí àrùn náà kò lè tètè mú. Igi rẹ̀ ni wọ́n wá gé fún àgbẹ̀. Ìdàpọ̀ ni ó mú ohun tuntun wá. Àìdàpọ̀ ni ó tàn án kálẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Títí tí a ó fi fẹnu kò lórí èdè-ìperí kan, a rọ àwọn olùdánniwò pé kí wọ́n má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo (a) tàbí (b), bí àlàyé rẹ̀ bá ti tọ̀nà. Bí ó bá sì ka ẹ̀wà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwa olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó. Ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe náà jẹ́ tiwa.